Ojú Tó Wà Lára Wúrà

Kí alágbẹ̀dẹ wúrà tó lè wọn ohunkóhun ní Rumuokwuta, àfi kó kọ́kọ́ nu síkéèlì rẹ̀. Èéfín dúdú tó ń já bọ́ láti òfurufú Port Harcourt kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Bó ṣe ń bà lé aṣọ tí a sá sórí okùn, bẹ́ẹ̀ ló ń bà lé gíláàsì tí ọ̀gá yìí fi bo òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun kan nù ún, ó wo ohun tí aṣọ náà kó, ó pòṣé, ó ká a sí ojú kejì, ó tún un nù. Ìgbà yẹn ló tó fi ìka méjì gbé owó náà lé e. Nọ́ńbà pupa inú síkéèlì sáré sókè, ó sáré sísàlẹ̀, ó wá dúró: gíráàmù 7.98.

Owó góòlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní pọ́n-ùn wúrà. Ìyá kan, ọmọ Ikwerre, tí yóò ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ló tú u jáde láti etí ìró rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ta epo pupa láyé àtijọ́, ló fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ kó so owó náà mọ́ ṣéènì, kó fi í sọ́rùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ kékeré ni. Ọ̀gá ìbá ti ṣe é tán kí omi inú ike tí mo rà tó tán, bí kì í bá ṣe pé Ìyá Kérúbù, tó jókòó ti ògiri tó ń dúró de yẹtí tirẹ̀, na ọrùn wò ó.

"Máíkẹ́lì Mímọ́ nìyẹn! Balógun ọ̀run! Ẹ ò rí bó ṣe tẹ Sátánì mọ́lẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá ra òrùka. Ó sún mọ́ tábìlì, ó wò ó dáadáa, ó sì fà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú mà, èmi ò rí áńgẹ́lì kankan o. Dírágónì ni mo rí. Pásítọ̀ wa ní ohun tí ejò bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yọ́ ọ, kó fi ṣe nǹkan mìíràn fún ìyàwó." Pijin ni gbogbo wọn ń sọ, èmi ni mo ń tú u báyìí. Ìyá tó ni owó kò dá sí i. Ọ̀gá, ọmọ Ìbàdàn tó ti pẹ́ nílùú yìí, ti gíláàsì kékeré tó fi ń wo òkúta iyebíye sí ọ̀dọ̀ mi. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ bá wa wò ó."

Mo wò ó. Ọkùnrin kan wà lórí ẹṣin. Ìhòòhò ló wà, àfi akoto orí rẹ̀ àti aṣọ ìborùn tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Idà kúkúrú ló dì mú, ó fà á sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ nǹkan. Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin wà lókè, ẹranko burúkú náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu. Ìyẹ́ wà lóòótọ́, bí Ìyá Kérúbù ṣe rò, ṣùgbọ́n ara dírágónì ni ìyẹ́ wà, kò sí lára ẹlẹ́ṣin. Lábẹ́ ilẹ̀ tí ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀ ni ọdún rẹ̀ wà, 1912, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni lẹ́tà méjì bíńtín tí ojú lásán kò lè rí: B.P.

Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni ẹlẹ́ṣin náà, ẹni tí ìtàn ìjọ sọ pé ó jẹ́ ọmọ ogun Róòmù kí wọ́n tó pa á nítorí ìgbàgbọ́. B.P. sì ni Benedetto Pistrucci, ẹni tó gbẹ́ àwòrán náà ní 1817. Ìlú Róòmù gan-an ni wọ́n ti bí i. Mo yí owó náà padà. Orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ló wà níbẹ̀, ó kọjú sí òsì, kò dé adé. Èdè Róòmù ni wọ́n fi kọ̀wé yí i ká, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. D.G.: nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. F.D.: olùgbèjà ìgbàgbọ́, oyè tí Póòpù fi dá Henry Kẹjọ lọ́lá ní 1521, tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì dá padà nígbà tí wọ́n bá Póòpù jà tán. Ọba Gẹ̀ẹ́sì, èdè Késárì, ọwọ́ ọmọ Róòmù, ajẹ́rìíkú tó ti jẹ́ ọmọ ogun Róòmù. Ó tún ku ìwọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí Késárì Augustus ń lu owó wúrà tí wọ́n ń pè ní aureus, wúrà tó wọn pọ́n-ùn Róòmù kan ni wọ́n ń pín sí 40. Èyí tó bá bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8. Ẹ gbé e lé síkéèlì ọ̀gá, ẹ gbé pọ́n-ùn 1912 tì í, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Nero ló kọ́kọ́ rẹ́ ẹ jẹ ní ọdún 64, tó pín pọ́n-ùn kan náà sí 45. Owó ńlá ni. Ọmọ ogun ẹsẹ̀ tó ń jagun fún Augustus kò gbà ju irú rẹ̀ 9 lọ lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó oúnjẹ àti ti aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti fojú kan aureus rí, nínú àpótí gíláàsì ní British Museum ní London. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bó ṣe kéré tó. Kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èkejì ni bó ṣe dà bí ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Fàdákà á dúdú, bàbà á ṣe ewé, irin á dípẹtà, ṣùgbọ́n wúrà tó ti sùn sínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì dín díẹ̀ á jí sáyé pẹ̀lú gbogbo irun àgbọ̀n ẹni tó wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lù ú. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán sí orí irin méjì, èyí tó jẹ́ pé ibi tó jinlẹ̀ lára irin ni yóò yọ síta lára owó. Wọ́n á ri ọ̀kan mọ́ owú, wọ́n á gbé wúrà gbígbóná lé e, wọ́n á fi èkejì dé e, ẹnìkan á sọ òòlù lé e lórí. Òòlù kan, ojú méjì. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, imú Késárì á di méjì, irú bẹ́ẹ̀ sì wà tí a lè rí dòní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé òrìṣà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Lórí òkè Capitol ní Róòmù ni tẹ́ńpìlì Juno wà, ìyàwó Jupiter, tí oríkì rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Moneta. Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti ń lu owó wà, láti ara orúkọ Moneta yìí ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí orúkọ tó ń pe owó. Nítorí náà kò sí ohun ìyanu nínú pé òrìṣà kún ara owó wọn. Orí ọba ló máa ń wà níwájú. Ẹ̀yìn sì ni ti àwọn àjùmọ̀bí ọ̀run: Jupiter pẹ̀lú àrá lọ́wọ́, Mars ológun, Vesta tó ń tọ́jú iná ìlú, Victoria òrìṣà ìṣẹ́gun pẹ̀lú ìyẹ́ méjì àti adé òdòdó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ná owó náà kò mọ̀wé. Àwòrán ni wọ́n ń kà. Ọba tó bá fẹ́ kí àwọn ará ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ mọ òrìṣà tó gbè é kò nílò oníkéde. Ó kàn ní láti san owó oṣù.

Ọba pàápàá ń di òrìṣà. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún wa láti gbọ́, àwa tí Aláàfin wa kan wọlẹ̀ tó di ẹni tí ń sọ àrá. Nígbà tí Faustina, aya Antoninus Pius, kú ní 140, àwọn ìgbìmọ̀ Róòmù sọ ọ́ di òrìṣà, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu owó wúrà tó gbé orí rẹ̀, pẹ̀lú oyè òrìṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: wọ́n dì í, wọ́n ká a, wọ́n kó o jọ sórí bí ṣùkú, òǹgbẹ́nà sì fi sùúrù ka ìdì kọ̀ọ̀kan. Ọdún lẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń lù ú. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́, pé ọ̀ràn ìṣèlú ni, mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n òṣèlú nìkan kì í ka irun obìnrin báyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, kò sí ojú ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ní 218, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju bí ọmọ ọdún 14 lọ di Késárì. Ará Emesa ni, ìlú tí a ń pè ní Homs ní Síríà lónìí, àwòrò sì ni nínú ìdílé wọn. Òòrùn ni òrìṣà wọn, orúkọ òrìṣà náà ni wọ́n sì fi ń pe ọmọ náà nínú ìtàn: Elagabalus. Òrìṣà yìí kò ní ère. Òkúta dúdú ni, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó ṣóńṣó lókè, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ojú ọ̀run ló ti bọ́. Ọba ọmọdé náà gbé e láti Síríà dé Róòmù, ó kọ́ ilé fún un lórí òkè Palatine, ó sì fi í ṣe olórí gbogbo òrìṣà ìlú, Jupiter pàápàá kò yọ sílẹ̀.

Aureus tó lù fún ìrìn àjò náà ni mo máa ń fi fóònù fẹ̀ lójú. Ẹṣin mẹ́rin ń fa kẹ̀kẹ́, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, kò sí eré níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń darí wọn. Òkúta náà ló jókòó sínú kẹ̀kẹ́ bí ọba, ẹyẹ idì wà lára rẹ̀, agbòòrùn mẹ́rin sì yí i ká. Agbòòrùn! Ẹni tó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà ààfin lọ́jọ́ ọdún, tó ti rí bí agbòòrùn ṣe ń yọ́ bọ̀ lókè orí èrò kí ojú tó tó rí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò mọ ohun tí oníṣẹ́ Róòmù náà ń sọ láìsí ògbufọ̀. Ẹni tó bá sì ti rí ẹdùn àrá nínú ọpọ́n Ṣàngó, tí wọ́n fi epo pa á tó ń dán, kò ní bi mí léèrè ìdí tí òkúta fi lè gun kẹ̀kẹ́. Àwọn ará Róòmù kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ló jẹ́ fún wọn. Ní 222 wọ́n pa ọmọ náà, wọ́n sì dá òkúta padà sí Emesa. Owó ni kò ṣeé dá padà, ó ti wọ ọjà.

Òòrùn náà kò lọ títí. Ní 274 Késárì Aurelian kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá fún Òòrùn Aláìṣeéṣẹ́gun, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ojú ènìyàn àti ìtànṣán lórí, kí ara lè tu àwọn ará ìlú. Nígbà tí yóò fi kan Constantine, Òòrùn ti di ọ̀rẹ́ ọba. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ń kọ́ni pé Constantine rí àmì Kristi, ó fi ṣẹ́gun ní 312, ó sì di onígbàgbọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n wúrà ńlá kan wà ní Paris, tí wọ́n lù ní ìlú Ticinum ní Ítálì ní 313, ọdún kan lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà. Orí méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan ń yọ lẹ́yìn èkejì: Constantine nìyí, Òòrùn nìyí, imú wọn jọra bí ti ìbejì. Asà tó wà lọ́wọ́ ọba, kẹ̀kẹ́ Òòrùn ni wọ́n yà sí i. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i kí Òòrùn tó kúrò lára owó rẹ̀. Mi ò pè é ní àgàbàgebè. Mo mọ àwọn ènìyàn ní Rumuokwuta yìí tó jẹ́ pé bí ọwọ́ ọ̀tún bá gbá Bíbélì mú, òsì kò tíì gbàgbé ohun tí bàbá wọn so mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Constantine yìí kan náà ló ṣe owó wúrà tuntun tí wọ́n ń pè ní solidus, 72 nínú pọ́n-ùn kan, bíi gíráàmù 4.5. Ara rẹ̀ ni a ti lè wo bí òrìṣà ṣe ń pa aṣọ dà. Valentinian Kẹta, tó jọba láti 425, ní kí wọ́n ya òun lórí ìdúró, àgbélébùú gígùn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ kan lórí ejò tó ní orí ènìyàn. Jọ́ọ̀jì kò tíì gorí ẹṣin nígbà náà, ṣùgbọ́n ejò ti wà nílẹ̀ fún un. Victoria ńkọ́, obìnrin oníyẹ̀ẹ́? Wọ́n kò lé e jáde. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àgbélébùú lé e lọ́wọ́, ó sì ń gbé e kiri lára owó àwọn ọba onígbàgbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lábẹ́ Justin Kìíní, ní nǹkan bí 519 sí 522, wọ́n yí ìró rẹ̀ padà sí aṣọ ọkùnrin, ó di áńgẹ́lì. Ìyẹ́ kan náà, ìdúró kan náà, àgbélébùú kan náà. Áńgẹ́lì inú kàlẹ́ńdà tí Ìyá Kérúbù fi kọ́ ògiri, tí wọ́n bá tọpa ìdílé rẹ̀ dáadáa, a ó bá obìnrin Róòmù kan nínú rẹ̀.

Ó wá ku ojú kan tí kò sẹ́ni tó tíì láyà láti fi sí iwájú owó. Ní nǹkan bí 692, Justinian Kejì ṣe é. Ó fi ojú Jésù sí iwájú solidus, irun gígùn, irùngbọ̀n, Ìwé Ìhìnrere lọ́wọ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọba àwọn tó ń jọba ni. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró sí ẹ̀yìn owó, ó di àgbélébùú mú, ó pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ Kristi. Mo gbà pé àwòrán náà dára. Ojú tó ń wo ènìyàn tààrà, tí kì í kọjú sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti àwọn Késárì, ó ní bó ṣe ń bani lẹ́rù. Ìrẹ̀lẹ̀ ọba náà ni mi ò gbà gbọ́. Àwọn ará ìlú rẹ̀ náà kò gbà á gbọ́. Ní 695 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n gé imú rẹ̀. Ọdún 705 ló padà gorí ìtẹ́. Lórí owó tó lù lẹ́yìn ìyẹn, imú rẹ̀ pé perepere.

Ní Damascus, Kálífà Abd al-Malik ń wo gbogbo èyí. Owó wúrà Róòmù ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ná látẹ̀yìnwá. Ó ti gbìyànjú láti yọ igi ìdábùú kúrò lára àgbélébùú orí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn owó náà, tó fi ku òpó lásán. Ó ti fi ara rẹ̀ síbẹ̀ lórí ìdúró pẹ̀lú idà. Ní ọdún 77 Hijira, èyí tó jẹ́ 696 sí 697, ó pa gbogbo àwòrán rẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù: pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà. Gíráàmù 4.25, orúkọ rẹ̀ ni dínárì, orúkọ tí Róòmù fi ń pe owó fàdákà wọn ló sì ti wá. Wọ́n lé ojú Késárì lọ, wọ́n ń fi ahọ́n Késárì pe owó.

Dínárì yìí ló gbé ìtàn náà wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Láti ilẹ̀ Bambuk àti Bure, lápá òkè odò Senegal àti Ọya, ni wúrà ti ń gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá. Sijilmasa ní Mòrókò ni àwọn Almoravid ti ń lù ú lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà ní àwọn ọdún 1050, wọ́n sì ń tẹ ẹsẹ Kùránì sí i lára. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Sípéènì fẹ́ràn owó náà débi pé nígbà tí kò wọlé mọ́, Ọba Alfonso Kẹjọ ní Toledo bẹ̀rẹ̀ sí í lu tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1170. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, kí àwọn oníṣòwò má bàa kọ̀ ọ́, ó fi àgbélébùú kékeré sí i, ó sì pe Póòpù Róòmù ní Ìmáàmù ìjọ Kristi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí nínú mọ́tò tó ń lọ sí Mile 3, awakọ̀ fi dígí wò mí.

Ìlú mìíràn tún wà tí wúrà ti ń di owó, tó ń jẹ́ Tadmekka, ibi tí ń jẹ́ Essouk báyìí, ní àríwá Málì. Al-Bakri, tó kọ ìwé rẹ̀ ní Andalusia ní 1068, sọ pé dínárì wọn níbẹ̀ ń jẹ́ apárí, nítorí pé wúrà gidi ni láìsí òǹtẹ̀ kankan lára rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn kan rò pé àsọdùn ni. Ní 2005, Sam Nixon, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, wú àwọn ègé amọ̀ sísun jáde ní Essouk, tí kòtò róbótó-róbótó wà lára wọn, wúrà tóótòòtó sì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn. Móòdù owó apárí ni. Wọ́n tún rí i pé dígí fífọ́ ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ mọ́ wúrà kí ìdọ̀tí lè bá dígí lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo owó yẹn: kò sí ọba, òrìṣà, ẹyẹ tàbí ẹsẹ ìwé kankan lára rẹ̀. Róòmù ní kí ẹ gbà á nítorí Jupiter, Justinian ní kí ẹ gbà á nítorí Jésù, Damascus ní kí ẹ gbà á nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ará Tadmekka ní kí ẹ gbé e wò, ẹ wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ràn àwòrán, ẹ ti rí i látòkè wá, síbẹ̀ owó apárí yẹn ń wù mí í dì mú ju ti Faustina lọ.

Ojú ló padà borí ní etíkun wa. Ní 1663 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wúrà ilẹ̀ Adúláwọ̀ lu owó tí wọ́n fi orúkọ etíkun wa pè, gínì, erin kékeré sì wà lábẹ́ ọrùn ọba wọn. Láti 1907 ni ọ̀níní àti kọ́bọ̀ oníhò ti wọlé, tí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà lára wọn. Àwọn Áfáà mọ̀ ọ́n sí èdìdì Ànábì Sulaimọ́nù, àwọn mìíràn kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ihò tí wọ́n lè fi okùn sí. Ẹ má sì rò pé ìjà náà ti tán. Ní 2007, wọ́n yọ Hausa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ kúrò lára náírà 5, 10, 20 àti 50, wọ́n fi A B D kọ ọ́ dípò rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀sìn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kan ní èdè lásán ni. Bẹ́ẹ̀, kò sí ojú òrìṣà kankan níbẹ̀.

Mi ò sọ gbogbo èyí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo sọ kò ju pé Jọ́ọ̀jì ni, kì í ṣe Máíkẹ́lì, pé ìyẹ́ tó wà níbẹ̀ ti dírágónì ni.

"Ṣé Jọ́ọ̀jì yẹn kì í ṣe ènìyàn Ọlọ́run ni?" ni Ìyá Kérúbù wí. "Wọ́n rán an níṣẹ́ Máíkẹ́lì, ó jẹ́ ẹ. Kí ló wá ń bí yín nínú?"

Ọmọbìnrin olórùka kò gbà. Ejò ni ejò ń jẹ́ lójú tirẹ̀, ẹni yòówù kó wà lórí ẹṣin. Ọ̀gá wá kọjú sí ìyá tó ni owó, ó fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ohun tí ìyá-ìyá wọn máa ń pe àwòrán náà.

"Kì í wò ó," ni ìyá náà dáhùn. "Bí wọ́n bá kó owó epo wá fún un, á jù wọ́n sórí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí. Èyí tí kò bá ké dáadáa, á dá a padà fún ẹni tó mú un wá. Ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ ríran mọ́ dáadáa nígbà tó kó èyí fún mi."

Ọ̀gá gbé owó náà kúrò lórí síkéèlì. Ó ní òun kò ní jó nǹkan kan mọ́ ọn, kí iná má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Òun yóò ṣe férémù wúrà yí i ká, tó ní èékánná mẹ́rin tí yóò gbá a mú, bí wọ́n bá sì fẹ́ yọ ọ́ lọ́la, yóò yọ ní odindi. Ó mú pẹ́ńsù, ó fi yí owó náà ká lórí bébà.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi mà. Èwo ni kí n jẹ́ kó kọjú síta? Ọba ni, tàbí ẹlẹ́ṣin?"

Ìyá náà ti ń so etí ìró rẹ̀ padà, ó ti ń dìde. Ó ní ọmọ tó fẹ́ lò ó kì í jókòó jẹ́ẹ́, ijó ni yóò máa jó látàárọ̀ dalẹ́. "Ṣéènì á máa yí i fúnra rẹ̀."

Ìyá Kérúbù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kọ iye iṣẹ́ sórí bébà, ó fi owó náà sábẹ́ gíláàsì, ó sì na ọwọ́ mú aṣọ ìnusíkéèlì, nítorí èéfín ti ń bà lé e.